Àpótí Inú Sitẹ́nì

Ọkọ mi kì í mutí, kì í sì í lé obìnrin kiri. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà gbà mí nímọ̀ràn pé ọkùnrin rere ni. Mo mọ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi: "Ìyá Chancelle, ẹ máa dúpẹ́, ilé ni tiyín ń jókòó sí." Òótọ́ ni, ilé ló ń jókòó sí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ládiípọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Sakété ni, Yoko ni wọ́n ti bí i, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń dáko ẹ̀gẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ ìwé ìbí ní mẹ́rì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ ó rántí pé nígbà tiwa, ẹni tí òbí rẹ̀ kò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, wọn a kàn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n bí i "ní nǹkan bí" ọdún báyìí. Àwa tá a ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ewé lọ. Ládiípọ̀ kórìíra "ní nǹkan bí" yìí bí ẹni kórìíra ejò. Nígbà tí ó ń bọ̀ wá fẹ́ mi ní Issaba, ọkùnrin mìíràn ì bá ra aṣọ. Tèmi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Pobè, ó bẹ Fádà kí wọ́n ṣí ìwé ìrìbọmi àtijọ́ fún òun, ó sì padà wá bá mi pẹ̀lú bébà kékeré kan lọ́wọ́ pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí mi, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù, kì í ṣe ní nǹkan bí ohunkóhun. Inú mi dùn dé eegun. Mi ò mọ̀ pé bí yóò ṣe máa tọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ sọ́nà lójú mi títí ayé nìyẹn.

Ohun tó fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn Ọlọ́run (èmi ni mo fi "lẹ́yìn Ọlọ́run" kún un) ni àwọn fíìmù tẹlifísọ̀n tó ń sọ nípa ayé tí kò tíì dé: àwọn èèyàn tó ń gbé inú ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀, ẹ̀rọ tó ń ronú bí ọmọ èèyàn, àwọn ẹ̀dá tí kò bá Ádámù tan. Ó ti ń wò wọ́n láti ìgbà tí tẹlifísọ̀n kan ṣoṣo wà ní gbogbo àdúgbò. Ẹ ó rò pé ẹni tó fẹ́ràn nǹkan tó báyìí á jókòó, á wò ó, á gbádùn ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni pé ẹlẹ́rìí èké ló dúró síwájú rẹ̀ ní mẹ́rì ló ṣe ń wò ó.

Ó ní kí ló dé tí gbogbo ẹ̀dá ojú ọ̀run fi gbọ́ Faransé. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi ní ojú méjì àti ọwọ́ méjì bíi tiwa, àfi nǹkan kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí. Ọkọ̀ tó tóbi tó ìlú Sakété, ó ní ilẹ̀kùn rẹ̀ á máa dá ṣí fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀tá bá ń lé wọn bọ̀ ni ilẹ̀kùn kan náà á há. Ó ní wọn kì í de ara wọn mọ́ àga. Bí ọkọ̀ bá ti mì díẹ̀, gbogbo wọn á ṣubú lé ara wọn lórí, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọn ò tún ní de ara wọn. Èmi náà bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń dáná nínú ọkọ̀ náà, torí mi ò rí ààrò, mi ò rí ìkòkò, mi ò sì rí ẹnì kankan tó ń fọ abọ́. Ojú rẹ̀ tàn, bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Wákàtí kan àti àbọ̀ ló fi dá mi lóhùn. Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn ún jù ni ọ̀rọ̀ ariwo. Ó ní lókè níbẹ̀, láàárín ìràwọ̀, kò sí afẹ́fẹ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, ohùn kò lè rìn níbẹ̀. Nítorí náà ọkọ̀ kì í dún níbẹ̀, ìbọn kì í dún níbẹ̀, bí odindi ayé kan bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí òwú já bọ́ sórí ẹní ni. Gbogbo ariwo tí à ń gbọ́, irọ́ àwọn tó ṣe fíìmù ni. Kò sí ẹni tí kò tíì sọ èyí fún. Ó ti sọ ọ́ fún onízẹ́mí tó fi alùpùpù gbé e dé ilé, ọkùnrin náà sì dúró gbọ́ ọ torí kò tíì gba owó rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún Ràúdátù, aládùúgbò wa tó ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ràúdátù fetí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ títí ó fi parí, ó wá ní, "Bàbá Chancelle, èyí tó kúnná lẹ fẹ́ ni àbí èyí tó le?"

Ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ wá wo wàhálà tó ń ṣe kí ó lè gbọ́ irọ́ náà ketekete.

Fortuné ọmọ wa ọkùnrin ra ẹ̀rọ kan fún un láti Kútọnu, èyí tó ń ju àwòrán sára ògiri. Mo ní ó tán. Kò tán. Ó ní ògiri wa funfun jù, dúdú kò lè dúdú lára rẹ̀, ó fi ọ̀dà eérú kùn ún. Àwòrán Ọkàn Mímọ́ Jésù tó wà lára ògiri náà láti ọjọ́ tá a ti kó wọlé, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní níbẹ̀ ni Olúwa á ti máa wo oúnjẹ. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó mú aṣọ dúdú tí mo fi ṣọ̀fọ̀ ìyá mi, ó kàn án mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn àpótí ohùn dé, èyí tá à ń pè ní báfù, márùn-ún: méjì níwájú, ọ̀kan láàárín, méjì lẹ́yìn. Ó fi okùn wọn ọ̀nà láti ọ̀kan dé ìkejì bí ẹni wọn ilẹ̀ ìjà. Ó ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n etí ẹni tó jókòó. Bí Chancelle ọmọ wa bá wá kí wa láti Pobè, níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, tí ó fẹ́ fi ìdí ago lé orí ọ̀kan, bàbá rẹ̀ á dìde, á gbé ago náà, á sì dì í mú títí ọmọ yẹn á fi lọ.

Àpótí kẹfà ló wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló fi wá a. Kì í ṣe báfù bí àwọn yòókù. Ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń mú jáde, ohùn tí kì í ṣe etí ni èèyàn fi ń gbọ́ ọ, àyà ni. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta àlòkù òkè òkun ní Pọ́tónófò ló ti rí i. Ó dúdú, ó wúwo bí òkú ewúrẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ọjọ́ tí ó gbé e wálé, ó nu ún bí ẹni nu ọmọ tuntun. Ó tan fíìmù rẹ̀, ó lọ sí ibi tó ti ń gbádùn jù, níbi tí ọkọ̀ ńlá kan ti ń kọjá láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Abọ́ mi gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

Ó ní, "Kò jinlẹ̀."

Ó ní yàrá wa kéré, ohùn náà ń ti ògiri padà kí ó tó gúnlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé àpótí náà káàkiri ilé. Ó gbé e sí igun, ó gbé e sí abẹ́ tábìlì, ó gbé e sí ìdí ibùsùn wa. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, ó dá a dúró, ó dá a padà sẹ́yìn, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Mo ń ka Rosárì, ọkọ̀ ń kọjá láàárín Màríà kan àti èkejì. Nígbà tó yá ó dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo sitẹ́nì wa, ihò ńlá tí bàbá rẹ̀ fi símẹ́ǹtì kọ́ sínú ilẹ̀ láti máa gba omi òjò. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, omi ti tán nínú rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Chancelle, omi ibẹ̀ la ó mu bí òjò bá dé o."

Ó ní, "Àpótí kì í tọ̀."

Mi ò bá a jiyàn. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo lọ ra gàrí lọ́dọ̀ Ràúdátù. Ó tó aago mẹ́rin ọ̀sán. Ọkọ mi sì wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó fi okùn sọ àpótí náà kalẹ̀ sínú ihò, ó fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé.

Nínú ọ̀rọ̀ Orò, kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé, torí obìnrin ni mí. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ohun tí gbogbo obìnrin Sakété mọ̀ lọ: bí ó bá ké, wọlé, ti ilẹ̀kùn, má yọjú. Bí ó bá máa jáde, wọ́n sábà máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú kí kálukú lè ra ohun tó máa jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójijì, kì í dúró de ìkéde.

Ràúdátù ń fi igbá ro gàrí nínú agbada, mo ń tọ́ ọ wò, ó ń sọ fún mi pé ẹ̀gẹ́ ọdún yìí kò ní ìyẹ̀fun nínú. Nígbà náà ni ohùn kan ti inú ilẹ̀ jáde. Kò wá láti ibì kan pàtó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó ń yí, ó ń ròkè, ó wá ń hu bí nǹkan tí wọ́n so mọ́ okùn tí wọ́n ń fì lókè orí wa. Àwọn hóró gàrí tó wà létí agbada bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Ràúdátù. Mi ò mọ ẹni tó di ẹnì kejì mú nínú àwa méjèèjì. Mo kàn rí i pé a ti wà nínú yàrá rẹ̀, a ti fi ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn. Níta, à ń gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń pa dé láti ilé dé ilé títí dé ọ̀nà ọjà. Zẹ́mí kan dúró, mo gbọ́ tí onítọ̀hún ń sọ fún obìnrin tó gbé pé, "Sọ̀ kalẹ̀, ìyá, wọ ilé èyíkéyìí," ó sì fi iná sí i lọ.

Ràúdátù ti fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ yọ. Mo ti fa Rosárì mi yọ.

Ó ní, "Ìyá Chancelle, ta ló kú?"

"Mi ò gbọ́ pé ẹnì kan kú."

"Wọn ò kéde."

"Wọn ò kéde."

"Gàrí mi wà lórí iná."

"Jẹ́ kí ó wà níbẹ̀."

Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì náà ń sá ni?"

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, Àlájà?"

Ó ní, "Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí mi. Kò ní kí n máa fi dán nǹkan wò."

Láti ìgbà tá a ti wọlé ni ohùn náà ti ń dákẹ́ tó tún ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà yìí ni mo tó fetí sí i: ó dákẹ́ lójijì, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó dé ibi tó dé lẹ́ẹ̀kan, ó tún dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà kẹta, mo dá Rosárì mi dúró. Mo mọ ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sùn tì í. Mo mọ ibi tí yóò ti ròkè, mo mọ ibi tí yóò ti yí sí ọ̀tún, mo sì mọ ẹni tí kò lè gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan kí ó fi í sílẹ̀.

Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n sọ fún Ràúdátù pé èyí kì í ṣe Orò? Báwo ni èmi obìnrin ṣe mọ èyí tó jẹ́ Orò yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe é? Ta ló fi hàn mí? Bí mo bá sì yọjú síta láti lọ kìlọ̀ fún ọkọ mi, tí tòótọ́ náà bá wà níta ńkọ́? Àwọn àgbà ní obìnrin tó bá fojú kan Orò, Orò á gbé e lọ. Wọn ò fi kún un pé àfi ìyàwó Ládiípọ̀. Òórùn gàrí tó ń jóná bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo jókòó, mo ń ka Rosárì mi, gbogbo Màríà tí mo ń kà, orí Ládiípọ̀ ni mo ń kà á lé.

Bí ó ṣe parí, ẹnu àwọn ọkùnrin ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn tó ni nǹkan wọn mọ̀ pé nǹkan wọn kò jáde. Mẹ́ta nínú wọn tẹ̀ lé ohùn náà dé ẹ̀yìnkùlé wa. Wọ́n bá ọkọ mi tó dojú bolẹ̀, orí rẹ̀ wà lẹ́nu sitẹ́nì, tẹlẹkọmáǹdì tó fi ń darí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó nawọ́ sí wọn pé kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n jẹ́ kí ó kọjá ná.

Wọ́n ní kí ó wá sí agbo ilé Bàbá Ọmọ́báyọ̀, àgbà tó ń dá ẹjọ́ àdúgbò wa, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ àpótí náà ni. Ẹni tó bá mú ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ jáde ní ìgbangba, wọ́n lè gba ohun tó fi mú un jáde lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní padà.

Èmi fúnra mi, bí wọ́n bá gbé báfù márààrún lọ pẹ̀lú rẹ̀, màá fi omi tútù ta wọ́n lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tó fa àpótí náà jáde kúrò nínú ihò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ń fi ìka yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ihò ìṣó rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá. Mi ò lè sọ pé kò ká mi lára.

Mo jókòó tì í. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bàbá Ọmọ́báyọ̀ kì í ṣe ẹni líle. Nígbà kan, ẹ̀rọ tí Crépin fi ń lọ àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí nǹkan mìíràn, wọ́n pè é, Crépin ní ohùn iṣẹ́ rẹ̀ ni, bó ṣe ń ké nìyẹn. Bàbá ní ohun tí nǹkan fi ń ké láti ọwọ́ ẹni tó dá a, èèyàn kò lè bínú sí i. Kí ó lọ fi epo sí i. Ọ̀rọ̀ parí.

Mo ní, "Bàbá Chancelle, ohun tí Bàbá máa bi yín ni bóyá ohùn ọkọ̀ yẹn gan-an ni. Ẹ ṣáà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní bó ṣe ń dún nìyẹn. Wọ́n á ní kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a ó gbé àpótí wa lọ sílé."

Ó ní, "Kì í dún."

"Mo mọ̀ pé kì í dún."

"Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, Ìyá Chancelle."

"Mo mọ̀ pé kò sí afẹ́fẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò sí afẹ́fẹ́. Ọ̀la nìkan ni mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Láti aago mẹ́wàá dé aago mọ́kànlá."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ìwé ìbí tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha.

Ní òwúrọ̀ a lọ. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí náà, ó ní kò yẹ kí wọ́n dá ẹjọ́ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwa obìnrin jókòó sórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ràúdátù gbé agbada rẹ̀ wá, gàrí tó ti di èédú ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́rin mìíràn náà gbé tiwọn wá. Bàbá Ọmọ́báyọ̀ jókòó sínú àga onírọ́bà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan torí làkúrègbé. Ó wo àpótí náà fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ládiípọ̀, ìwọ lo kọ ìwé ìbí àwọn ọmọ mi méje. O ò ṣi ọjọ́ kankan kọ rí. Mo mọ̀ pé o ò wá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

"Kí ni nǹkan tó ké lánàá?"

"Ọkọ̀ kan ni, bàbá. Nínú fíìmù. Ó ń kọjá láàárín ìràwọ̀."

"Ó dáa. Ṣé bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń ké nìyẹn?"

Mo wo ọkọ mi. Gbogbo wa la wò ó. Crépin tó jókòó lẹ́yìn Bàbá ń mi orí sí i láti òkè sísàlẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìdáhùn. Mo ń gbàdúrà sí Màríà Mímọ́ pé kí ó fi irọ́ kékeré kan sí ọkọ mi lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà á, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọkọ mi ní, "Rárá, bàbá. Kì í ké."

Ẹnì kan kẹ́dùn láàárín àwọn obìnrin. Ó jọ pé èmi ni.

Bàbá tún un bi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń na ọ̀pá sí ẹni tó wà nínú odò. "Má kánjú. Nínú fíìmù tí ò ń wò yẹn, mo ní, nínú fíìmù, ṣé ọkọ̀ náà ń ké?"

"Nínú fíìmù, ó ń ké, bàbá. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí..."

"O ti sọ ọ́ fún mi rí," Bàbá ní. "Níbi ìsìnkú ìyàwó mi."

Ó fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò bínú, ìyẹn ló wá burú jù.

"Ẹ̀rọ Crépin ní ohùn tirẹ̀, a ní kí ó máa lọ. Ọkọ̀ tìrẹ, ìwọ fúnra rẹ ló sọ pé kò lóhùn. Wọ́n lọ yá ohùn fún un. Ìwọ wá gbé ohùn tí wọ́n yá a wá sí Sakété, o sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, kí ó lè jinlẹ̀. Ohùn yẹn, Ládiípọ̀, ó ní ẹni tó ni ín níbí. Àpótí náà kò ní bá ọ padà sílé."

Ó ní kí ọkọ mi fa ẹ̀gẹ́ láti oko bàbá rẹ̀ ní Yoko, apẹ̀rẹ̀ méjì méjì fún obìnrin kọ̀ọ̀kan tí gàrí rẹ̀ jóná, kí ó sì bá wọn bó o. Ràúdátù ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí ó má sọ̀rọ̀ ojú ọ̀run fún òun bí ó bá ń bó o. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà ní ó dáa.

Méjì nínú àwọn ọmọ Bàbá wá gbé àpótí náà. Ọkọ mi dìde, ó tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìkóǹkansí.

"Ẹ má gbé e ka símẹ́ǹtì lásán," ó ní. "Ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀. Kí ó jìnnà sí ògiri, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà méjì."

Bàbá Ọmọ́báyọ̀ ní, "Ládiípọ̀, a ò ní tàn án."

"Mo mọ̀, bàbá. Bí ẹ bá wá tàn án ni mo ń sọ."

Lójú ọ̀nà, mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Mo ní gbólóhùn kan péré ni, mo ní gbogbo ayé ló ń purọ́ nínú fíìmù yẹn, àwọn ọlọ́kọ̀, àwọn tí wọ́n lẹ̀ nǹkan mọ́ níwájú orí, òun nìkan ni kò lè pa ẹyọ kan. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò tan nǹkan kan. Ó lọ sí Yoko, ó fa ẹ̀gẹ́, ó jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń bó o láìsọ̀rọ̀. Ilé pa rọ́rọ́. Mo ti ń gbàdúrà fún irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn láti ọgbọ̀n ọdún, nígbà tó wá dé tán, mi ò lè sùn nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé mo lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún Fádà pé mo rọ ọkọ mi kí ó purọ́ níwájú àgbà, mo sì tún gbàdúrà sí Ìyá Olúwa wa nípa rẹ̀.

Fádà ní, "Ó purọ́ náà bí?"

"Rárá, Fádà. Kò gbà."

"Kí ni ó sọ?"

"Ó ní kò sí afẹ́fẹ́."

Fádà pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Mo rò pé Rosárì mélòó kan ló ń rò. Ó ní, "Ìyá, ẹ lọ sílé. Ẹ ní kí ó tan ọ̀kan nínú fíìmù rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ wò ó dé òpin. Kí ẹ má sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Fádà, ṣé mi ò lè ka Rosárì mẹ́wàá dípò rẹ̀?"

Ó ní rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ. Mo sọ fún un pé Fádà ló ní kí n wá. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ó tan án. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá náà kọjá, ó mú tẹlẹkọmáǹdì, ó pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ náà jáde láti ọwọ́ òsì, ó gùn, kò tán bọ̀rọ̀, ó ń kọjá lójú wa láìdún, bí ẹja nínú omi. Mo jẹ́wọ́, ó rẹwà. Mi ò retí rẹ̀.

Ó dá a dúró. Ó yíjú sí mi. "O rí i? Bó ṣe yẹ kí ó rí láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Àpótí yẹn gan-an, ó ń bà á jẹ́ ni."

Mo ti ṣèlérí fún Fádà pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo kàn wò ó. Ojú tì í díẹ̀. Ó sì dá a padà sẹ́yìn, kí n lè tún un wò. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Wákàtí mẹ́ta ni fíìmù náà. Nígbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kò tíì dé ìdajì.